Èdídí Ìbọn tí a Gé Lára Kàlẹ́ńdà Ẹgbẹ́

"Bí ìbọn kan péré bá kọ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ kó irin yín kúrò nílé mi."

Ohun tí Onórébù wí nìyẹn, lórí ìdúró, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè Àdó. Òun ló nilé. Ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdẹ sì ni bàbá náà títí ó fi kú, nítorí náà ìbọn gbọ́dọ̀ dún.

Èmi àti Bàbá Ọdẹ́wálé la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ará Ṣakí ni Bàbá, òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀. À ń tún ìbọn ṣe, a sì ń di kátíríìjì tí wọ́n ti yìn padà fún àwọn ọdẹ, torí pé láyé ìgbà náà, kátíríìjì òyìnbó ti wọ́n ju ẹran tí wọ́n fẹ́ fi pa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹ̀tù là ń kọ́kọ́ rọ sínú kòròfo kátíríìjì. Èdídí á tẹ̀ lé e, ọta á tẹ̀ lé èdídí, èdídí fẹ́lẹ́ mìíràn á wá dé gbogbo rẹ̀ lórí. Èdídí yìí ni ọ̀gá. Bí kò bá fún dáadáa, iná ẹ̀tù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọta á wá máa jáde bí ọ̀lẹ tí wọ́n ń bẹ̀ kó lọ sóko. Ti òyìnbó kò sí, a wá ń ṣe tiwa: ìhá ẹyìn tí a fi òrí pa, fìlà òyìnbó tó ti gbó, páálí tó bá le. Páìpù irin kan tí a pọ́n lẹ́nu la fi ń gé e. A ó gbé e lé páálí, a ó fi òòlù lù ú, èdídí á bọ́ sílẹ̀ roboto.

"Èdídí dà bí àna," Bàbá a máa wí. "Ó yẹ kó sún mọ́ni, àmọ́ kó má fún ni lọ́rùn."

Páálí líle ló ṣòro rí, àfi ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ òṣèlú ti kún gọ́tà Dùgbẹ̀. Ó nípọn, ó ń dán. Onórébù jókòó gbàgẹ̀dẹ̀ láàárín, àwọn ẹni ńlá yòókù yí i ká, kálukú nínú àmì roboto tirẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n wá wọn páìpù wa kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá fi takisí kó o wálé. Orí ènìyàn kan, èdídí kan.

Mo ní, "Bàbá, ojú àwọn ẹni ńlá mà ni o."

"Èwo ni ẹni ńlá? Lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣẹgbẹ́ rí."

Òótọ́ ni. Nígbà náà, o kò lè rí ẹnì kan ní gbogbo Ìbàdàn tó ṣe ẹgbẹ́ yẹn rí. Onórébù alára ní ìyá òun àgbà ló ń fi Onórébù kẹ́ òun láti kékeré.

Bódìjà ló ti ṣe ìsìnkú, torí Mèjọ̀ ológun kan tó ń bọ̀ wá jẹun. Onórébù ń wá ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ṣakabùlà, ti ará oko nìyẹn. Ìbọn alákátíríìjì ni òun fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ni kí a rọ sí i, kí èéfín rẹ̀ tó èyí tí àwọn ará Àgbòwó yóò fi máa béèrè ẹni tó kú. Ìbọn ẹ̀yẹ kì í ní ọta. Ẹ̀tù àti èdídí nìkan la dì.

Àwọn ọdẹ nàbọn sókè, wọ́n yìn ín. Kò sí èyí tó kọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ látinú èéfín, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ewé igi.

Ọ̀kan bà lé fìlà Mèjọ̀. Ó mú un, ó fẹ́ eérú orí rẹ̀ dànù, ó wò ó, ó wá wo Olóyè Ládépò tó jókòó tì í, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún un pé òun kórìíra òṣèlú.

"Olóyè, ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

"Ó jọ mí ni, sà. Ènìyàn ń jọra n'Íbàdàn."

Lẹ́yìn wọn, àwọn àgbààgbà ti ń fi bàtà tẹ èdídí tó ní ojú wọn mọ́lẹ̀ kíkankíkan. Ẹnì kan fi fìlà bo tirẹ̀. Alága ìjókòó gbé tirẹ̀ jẹ mọ́ ẹran.

"Ta ló ṣe kátíríìjì yìí?" Mèjọ̀ béèrè.

Onórébù wò wá. Mo rí ẹrù wa ní títì nínú ojú rẹ̀.

Bàbá bọ́ síwájú. "Àwa ni, sà. Ìjọba ní ká máa lo ohun tiwa-n-tiwa."

Mèjọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú òmíràn lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Èyí ni kò sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi tí mo gé e mọ ojú náà: bàbá ìyàwó Mèjọ̀ ni, tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí òjò. Mèjọ̀ ti èdídí náà bàpò, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín dára," ó ní. "Ẹ máa bá a lọ."

Ní ọjọ́ Ajé, mọ́tò tò sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ń ṣí búùtù, wọ́n ń kó kàlẹ́ńdà jáde. "Bàbá, ẹ bá wa yìn ín. Gbogbo rẹ̀ o." Ti Onórébù ló pọ̀ jù, kò sì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù mọ́. Ọdún gorí ọdún, a kò wá páálí.

Nígbà tó yá, àwọn ológun tún ní kí wọ́n máa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Onórébù ló kọ́kọ́ dé.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ṣé kò ku ẹyọ kan nínú kàlẹ́ńdà ìjọ́sí? Àwọn ọmọ àná ń sọ pé n kò ṣe ẹgbẹ́ rí."

"A ti yìn yín tán, Onórébù."

"Níbo lẹ yìn mí sí?"

"Igbó Ìjàyè ló pọ̀ jù."

Ẹ̀fẹ̀ ni Bàbá rò pé òun ń ṣe. Kò pẹ́ sí i, ọdẹ kan láti Ìjàyè wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìgalà ni òun rò pé òun rí nínú igbó, tí òun ti nàbọn sí i, kí òun tó rí i pé àgbàlagbà kan tó wọ agbádá ló ń ṣí ewé ilẹ̀ wò. Ó yọ kátíríìjì tí kò yìn náà sórí tábìlì. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dì í, ojú Onórébù ló sì wà nínú rẹ̀.