Síńkì Tí Ọ̀dà Bò

Akérò ni gbogbo èbúté ń pe ọkùnrin náà, nítorí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń fi ọkọ̀ ojú omi onírin kó èrò sọdá ọ̀sà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ló fi fẹ́ ìyàwó, òun ló fi tọ́ ọmọ. Tí ẹ bá rí i bó ṣe ń fọwọ́ pa á lára láàárọ̀, ẹ ó ní ẹṣin ni.

Ọ̀sà náà níyọ̀, omi iyọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ irin. Idẹ ni abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ, irin ni ara ọkọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti fara kanra nínú omi iyọ̀, àwọn ohun tín-ín-tín tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù a máa yọ́ kúrò lára irin lọ sára idẹ. Iná ni, àmọ́ kò mọ́lẹ̀, kò gbóná. Ó kàn ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de ègé síńkì mọ́ ìdí ọkọ̀. Síńkì lawọ́ ju irin lọ: tirẹ̀ ni yóò máa yọ sílẹ̀, òun ni omi yóò máa jẹ, irin yóò sì wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ìhòòhò ni síńkì gbọ́dọ̀ wà nínú omi.

Akérò mọ èyí bí ẹní mowó. Kò kàn sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ rí ni. Ta ló ń bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ síńkì?

Nígbà tí itan rẹ̀ kán, tó wà ní ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀. Ó ra ọ̀dà búlúù, ó rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kun gbogbo rẹ̀ pátá. Kí ọkọ rẹ̀ tó dé, ọkọ̀ ti padà sójú omi, ó ń dán. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Akérò. Kò ronú kan ìdí ọkọ̀.

Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n fà á jáde. Wẹ́dà tó máa ń bá a jó irin fi òòlù kan ibi tí yanrìn ti ha ọ̀dà, òòlù wọlé. Ó kan ibòmíràn. Ó tún wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tí mo fẹ́ jó o mọ́. Bébà ló kù."

Akérò fi ọ̀bẹ ha síńkì. Lábẹ́ ọ̀dà, odindi ló wà, bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó jókòó sórí yanrìn. Arúgbó tó ń tiro, tí kò ní ọkọ̀ mọ́, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ìrètí rẹ̀ pin pátápátá.

"Ṣé Màmá mọ̀?" wẹ́dà rọra bi í.

"Kò mọ̀. O ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹyin lohùn."

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Ó wo àwọn ihò náà, ó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló rí síńkì, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á.

"Bàbá wọn, gbogbo ẹ̀ ni omi ti jẹ tán, èyí nìkan ló ṣì le. Ibí yìí ni mo kùn lẹ́ẹ̀mẹta, torí ọ̀dà ò fẹ́ mú un. Ká ní mo ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí ni, à bá ṣì ní ọkọ̀."

Akérò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"À bá ṣì ní in, Ìyá wọn," ló wí, ó sì na ọwọ́ sí i kó bá òun dìde.