Ọ̀sán Sátidé tí Ìyá Àgbà Sun Rárà sí Jáàsì

Fèrè ta sókè, ìyá àgbà sì dá rárà dúró láàárín méjì. Ó ká ìborùn mọ́ra, ó jókòó sórí àpótí, kò wo ẹnikẹ́ni.

Àgbàlá ilé tí à ń gbé ní Sùúrùlérè nígbà èwe mi ni, lọ́sàn-án Sátidé. Aládùúgbò wa kan máa ń fun fèrè onídẹ níbẹ̀, òun àti onílù kan, wọ́n á máa ṣe jáàsì títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Láàárọ̀, á ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó fèrè náà. Òórùn ọsàn á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà á máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, á máa sun rárà lábẹ́ ohùn. Lọ́jọ́ yẹn, aládùúgbò wa bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sun ún sáàárín àwọn.

Àwọn ayálégbé kan máa ń sín ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n ń pè é ní ará oko. Èmi náà ti ń fi ìlú wa pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé bó bá jókòó báyìí, kò ní lanu sun rárà l'Ékòó mọ́.

Nílùú wa, ẹni tó bá ké lé rárà rẹ lórí láìtọrọ àyè ń lé ọ kúrò lójú agbo ni.

Aládùúgbò wa dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, kí la ṣe?"

"O ti gbà á lẹ́nu mi. Máa bá a lọ."

"À ń gbè é ni, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ lé e."

"Ègbè wo ló ń pariwo ju ẹni tó lé e lọ?"

Onílù rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń sọ fún un tipẹ́, Màmá. Kò gbọ́ràn."

Aládùúgbò wa ṣí fìlà, ó fi bo ẹnu fèrè, ó fun ún díẹ̀. Ohùn náà rọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

Ìyá àgbà fetí sí i. "Èyí mọ ẹ̀kọ́."

Ó dìde, ó ki onífèrè, ó ki onílù. Bó bá mí, fèrè á dáhùn. Bó bá tún gbé e, fèrè á fà sẹ́yìn. Àwọn èèyàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó máa ń sín in jẹ jù wá kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ki tèmi náà."

"Ìran wo ni tìẹ? Èmi ará oko ò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí obìnrin náà sọ ìran rẹ̀, ìyá àgbà wá kì í, ó kì í títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó kàwé. Ohun gígùn àkọ́kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ ni ìwọ̀nba tí mo rántí nínú rárà ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo máa ń lọ sí Yaba lọ́sàn-án Sátidé, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe jáàsì, tí wọ́n sì ń ké ewì. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin akéwì kan tó rí bí mo ṣe ń mi orí sí fèrè bi mí pé, "Dádì, ta ló kọ́ yín ní jáàsì?"

Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni mo fi dá a lóhùn, pé ìyá bàbá mi ni.