Ẹmu Tí Mo Dà Sílẹ̀

Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ ọkọ mi ní Adum, nílẹ̀ Ashanti, a máa mu wáìnì lọ́jọ́ ìbí ìyàwó wọn, òun náà sì ti pinnu pé tèmi ò ní lọ lásán. Wáìnì ò sí nílé wa. Ó ní òun yóò gbé mi yípo ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́mu tó wà lọ́nà Ejisu, ká tọ́ ti kálukú wọn wò, kí n sì mú èyí tó bá dùn jù. Sátidé ni ọjọ́ ìbí mi bọ́ sí. Bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó ká àpò gààrì lé kárìyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ìyàwó, gòkè.”

Mo fẹ́ sọ pé mi ò lọ. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi, kò sì mọ̀. Méjì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ṣáájú. Ìgbà méjèèjì ni mo tètè sọ fún un, ìgbà méjèèjì ló sì ti ra aṣọ ọmọ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní màá panu mọ́ títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí i. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ti ní kí n má gbé ẹrù tó wúwo, kí n má sì fẹnu kan ọtí. Kò sọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́, nítorí kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò rò pé aláboyún á jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ mu ẹmu.

A kúrò ní Alabar tí à ń gbé, a bọ́ sójú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa. Gbogbo kòtò tí táyà bá kó sí ni mo ń fọwọ́ kan di abẹ́ ikùn mú. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bínú sí i. Òun ń súfèé ní tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ adẹ́mu àkọ́kọ́, ọkọ mi dúró, ó ń wo òkè ọ̀pẹ. Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, níbi tí adẹ́mu ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ.

“Ilẹ̀ ni kí ẹ wò,” mo ní.

Èmi tí wọ́n bí sílẹ̀ Ashanti mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ a máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀ ni, wọn a dá ihò sí i lára, wọn a sì máa fẹ́ iná sí i kí ẹmu lè sun jáde. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Bó ti yíjú láti kí obìnrin ilé náà, mo da ẹmu tí wọ́n bù fún mi sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ojú ọkọ mi ò kúrò lára mi. Mo ní kó bá mi mu tèmi, pé inú mi á dùn bẹ́ẹ̀. Ó gbé e mu.

“Èyí dára paa!”

Ó mu tèmi, ó mu tirẹ̀, ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Ìgbà tí a padà sórí kẹ̀kẹ́ ni mo tó rí ohun tí mo fọwọ́ ara mi fà. Kẹ̀kẹ́ ń ṣe ségesège. Táyà iwájú kọlu òkúta, mo figbe ta.

“Má bẹ̀rù,” ó ní, “mo dì í mú.”

Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí.

Nítorí náà, lọ́dọ̀ ẹnì kẹta, mi ò lè fún un ní tèmi mọ́. Bàbá arúgbó kan ni. Ó bu ẹmu fún wa, ó sì jókòó síwájú wa gan-an, ògùṣọ̀ tó fi ń fẹ́ iná sí ọ̀pẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé àwọn àgbà ibẹ̀ a máa ta ẹmu sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Mo dìde, mo tẹ orí ba bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, mo ta díẹ̀ sílẹ̀. Mo tún ta díẹ̀. Mo ń ta á títí igbá fi gbẹ.

Díẹ̀ ni wọ́n ń ta, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n rántí. Bàbá náà gbé ògùṣọ̀ sílẹ̀. Ó bi mí ní Twi, èdè àwọn Ashanti, pé, “Ọmọ mi, ta ló kú fún ọ?”

Ọkọ mi gbọ́ Twi tó èyí tí wọ́n fi ń tajà. Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sẹ́ni tó kú o, bàbá. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni.”

Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ló ń wò. Mo fẹ́ bá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Mo kàn gbọ́ tí mo ń dá a lóhùn ní Twi: “Méjì ni. Àwọn ọmọ mi ni.”

Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní òkú. Wọ́n ní kí n wẹ̀, kí n jẹun, kí n má sunkún kí èyí tó ń bọ̀ má baà sá fún wa.

“Due,” ni bàbá náà wí. “Due, due.”

Ohun tí wọ́n fi ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ fún àìmọye ènìyàn nílùú yìí, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Mo bú sẹ́kún. Ó bu ẹmu mìíràn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n mu ún, kó lè tù mí lára. Ó ń dúró dè mí. Mo yíjú sí ọkọ mi.

“Mi ò lè mu ún. Ẹ̀kẹta wà nínú mi.”

Ọtí dá lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gba igbá náà lọ́wọ́ mi, ó rọra gbé e kalẹ̀.

Kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó gbé mi jókòó sórí kárìyà, ó ń tì í. Bó bá rí kòtò, á dúró, á darí kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

“Ṣé kò dùn ọ́?”

Mo ní kò dùn mí. Kò ní pẹ́ tí yóò tún bèèrè. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ, mo sì kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́. Bí èyí náà bá tún lọ ńkọ́?

Ó yà fún kòtò mìíràn.

“Èkejì yẹn,” ó ní, “èyí tó wà láyé títí di ọ̀sán. Wọ́n ti gbé e lọ sin kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ta ló jọ?”

“Ẹ̀yin ni,” mo ní. “Imú yín ló gbé wá.”

Ó dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Lọ́rì kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa, kò gbọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá a di kẹ̀kẹ́ náà mú.