Ìyá Onílé Tó Ń Gbóòórùn Kànga

"Ẹ má tíì fa omi o." Ohùn ìyá onílé wa ló máa ń jí wa ní Agége, kí fèrè ilé iṣẹ́ ọ̀dà tó wà lẹ́yìn ògiri wa tó dún. Wọ́n á fa korobá àkọ́kọ́ fúnra wọn, wọ́n á da díẹ̀ sínú àwo funfun, wọ́n á gbé imú sún mọ́ ọn. Òórùn ọ̀dà ni wọ́n ń wá. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Ó dára, ẹ máa fà á." Èmi tí mo ti wọ aṣọ iléèwé, inú máa ń bí mi. Mo rò pé wọ́n kàn ń ṣe onílé lé wa lórí ni.

Lọ́dún tí mo parí iléèwé girama, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ mẹ́ta nínú ilé. Omi náà ò rùn rárá. Àwọn ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ìyá onílé jókòó ti kànga, wọ́n ń sunkún jẹ́ẹ́.

Oṣù yẹn náà ni wọ́n gbà mí sí yunifásítì láti kọ́ nípa ìtọ́jú ilẹ̀, omi àti igbó. Dókítà ni bàbá mi fẹ́ kí n dà.

"Igbó wo ló wà l'Ágége tó o fẹ́ máa tọ́jú?"

Wọ́n ní kí n jókòó sílé, kí n tún ìdánwò ṣe. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìyá onílé gbọ́, wọ́n wá bá bàbá mi ní yàrá.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó lọ. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ṣalángá sítòsí kànga yẹn. Ọkàn mi ń sọ pé òun ló fà á, àmọ́ mi ò mọ̀. Ìwọ náà ò mọ̀. Jẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé yìí lọ mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi lọ ra àpótí aṣọ fún mi.

Lẹ́yìn ìsinmi àkọ́kọ́, mo gbé ìgò omi kànga náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò iléèwé. Wọ́n rí kòkòrò ìgbẹ́ nínú rẹ̀: ṣalángá ló fà á lóòótọ́. Ó nira fún mi láti sọ ọ́, àmọ́ mo sọ fún ìyá onílé. Ìyá mí kanlẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká dí ṣalángá náà."

Lónìí, àwọn kan tá a jọ kàwé ń tọ́jú igbó ọba, àwọn kan ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Omi ni tèmi, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò láàrin àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Àárò ìyá yẹn máa ń sọ mí gan-an. Àgbàlagbà ni wọ́n, onílé sì ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n jókòó níwájú ayálégbé wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ kì í fẹ́ rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àbọ̀ mi, àmọ́ níbi tí mi ò bá ti mọ̀, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò mọ̀.