Ta Ló Ni Agbè Orí Òkun?

Ìyá mi ti ń pè mí ní Dókítà kí n tó di dókítà. Ní ìdí ọṣẹ wọn ní Sabon Zongo ní Accra, níbi tí wọ́n bí mi sí, oníbàárà kò ní tíì sọ iye tó fẹ́ rà tí ìyá mi á ti tọ́ka sí mi: "Ẹ wò ó, Dókítà mi nìyẹn. Kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ o. Ti òkun ni." Oníbàárà á ní, "Ei, Maame, ara òkun náà ò yá ni?" Wọn á jọ rẹ́rìn-ín, ìyá mi á sì tún pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n yéé pè mí bẹ́ẹ̀, pé a kì í sọ ọmọ inú lórúkọ. Wọ́n ní ẹnu ìyá ni àṣẹ wà.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní yunifásítì nígbà náà ni bí a ṣe lè fi ìgbì òkun tanná. Ẹni tó bá ti gbé Accra rí mọ dumsor, iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo ń wá lórí omi. Ilé-iṣẹ́ kan láti òkè òkun ló gbé ẹ̀rọ wá. Yunifásítì kó ọpọlọ àti ènìyàn sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí mi kò lè sọ gbólóhùn méjì kó má dárúkọ àjọṣepọ̀. Àwa Yorùbá ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. N kò mọ̀ pé àyà tèmi ni wọ́n máa fi ọwọ́ náà sọ̀.

Ẹ̀rọ náà jẹ́ ike líle aláwọ̀ yẹ́lò, ó rí rọ̀gbọ̀dọ̀ bí agbè, ó sì fẹ̀ débi pé àgbàlagbà lè jókòó sínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló so ó mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ìgbì á gbé e sókè, á tún jù ú sílẹ̀, lílọ-bíbọ̀ yẹn ló sì ń yí ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tó wà níkùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n fún un. Èmi pè é ní agbè, ó sì di ohun tí gbogbo wa ń pè é. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, òkun ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ó kàn ń sùn lórí omi wa ni. Èmi ni mo ṣírò bí ikùn rẹ̀ ṣe yẹ kó fẹ̀ tó fún ìgbì tiwa, wọ́n sì ṣe òmíràn. Ojoojúmọ́ ló ń fi ìròyìn ìgbì àti iná ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ibẹ̀ ni àwa náà ti ń rí i. Bí agbè bá lo ìgbà òjò já, tó sì lo ìgbà ọyẹ́ já, ìwádìí mi parí, mo di dókítà. Bí kò bá lò ó já, òfo ni gbogbo ọdún mi já sí.

Àwọn apẹja Ga, àwọn onílẹ̀ Accra, kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ ìsinmi òkun ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Accra. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ mú láti gbé agbè tuntun náà lọ sójú omi, torí pé òkun á dá, ọkọ̀ ojú omi kankan kò ní dí wọn lọ́wọ́. Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n pé ọjọ́ èèwọ̀ ni. Ọmọ Ga ni òun fúnra rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ojú oorun, ó ní, "Ẹja ni wọ́n ní ká má pa. Ṣé ẹja la fẹ́ pa?"

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì, àwọn apẹja tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń so agbè mọ́lẹ̀ wa ọkọ̀ wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa ń na àwọ̀n. Ẹ̀wọ̀n agbè fa àwọ̀n ńlá kan ya. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olórí àwọn apẹja etíkun náà ti ránṣẹ́ sí wa. Kò bèèrè owó. Ó ní kí ẹni tó ni nǹkan yẹn wá kí àwọn.

Mo tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ. Ìwádìí ni tiwa." Mo tọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lọ, òyìnbó kan tó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé wá sí ọ́fíìsì. Ó ní, "Nínú àdéhùn wa, ẹ̀rọ ni tiwa, àwọn ènìyàn ni ti yunifásítì." Mo padà sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Alata, kí ni ẹ kò lè tà? Ìwọ lo gbọ́ Ga. Lọ tà á fún wọn."

Accra ni wọ́n bí mi sí, Accra ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbin bá dé tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò kó o ni mo máa ń di Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jíṣẹ́ fún. Èmi bẹ̀rù tọ̀tún-tòsì.

Ìyá mi ló ní n kò gbọ́dọ̀ dá lọ. "Ọmọdé kì í dá lọ bẹ̀bẹ̀. Bí àgbà bá ti síwájú, tó sì kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán." Bí wọ́n ṣe ń parí ìjà ní ilé wa nìyẹn látọjọ́ tí mo ti dáyé, mo sì gbà á gbọ́. Wọ́n wé gèlè, wọ́n di ọṣẹ dúdú sínú ọ̀rá, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní alata samina, a sì wọ ọkọ̀ trotro lọ sí etíkun. Ilé-iṣẹ́ kò rí ẹni rán wá bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí ẹni rán wá ya fọ́tò. Ọmọbìnrin kan ló gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ó ń yí wa ká.

Ìyá mi kúnlẹ̀ nínú iyanrìn níwájú olórí apẹja, wọ́n pè é ní Nii bí àwọn Ga ṣe ń pe olóyè. "Nii, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ ni, wọn ò mọ̀."

"Maame, ẹ dìde," ni olórí apẹja wí. "Alata samina yín la fi ń wẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin lẹ ni nǹkan yìí?"

"Rárá, Nii."

"Ọmọ yín ló ni ín?"

Ìyá mi wò mí. Mo ní rárá.

"Ṣé ẹni tó ni ín kò tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ koraa ni?" Kò pariwo. "Túsìdeè tó ń bọ̀, gbogbo wa á wà nílé, a ó máa tún àwọ̀n ṣe. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Bí kò bá wá, á jẹ́ pé kò ní olóhun. Ohun tí kò lólóhun lórí òkun, ti ẹni tó bá rí i ni."

Nínú trotro, ìyá mi ń gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. Wọ́n ní, "Wọ́n á wá. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìnítìjú." Láti kékeré ni ìyá mi ti ń tajà, wọ́n mọ olè lójú, wọ́n mọ gbájúẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ nǹkan kan nípa irú àwọn ọ̀gá wa yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n àti òyìnbó rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àjọṣepọ̀ wọn ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Mo bẹ̀ wọ́n láàárọ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọjú sí àwọn apẹja. Etíkun kò jìnnà síbẹ̀, òórùn ẹja yíyan ń bá afẹ́fẹ́ wọlé. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ parí ìpàdé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àwòrán kan sára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ìyá mi ni. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, ọṣẹ wà níwájú wọn, gèlè ti fẹ́ yẹ̀.

"Ẹ wo bí àwọn ará etíkun ṣe fayọ̀ gba iṣẹ́ wa," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ìyá yìí kúnlẹ̀ dúpẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo dìde. Mo ní, "Ìyá mi nìyẹn. Kì í ṣe ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bá yín bẹ̀. Àwọn apẹja ń retí yín báyìí." Ọ̀jọ̀gbọ́n sún mọ́ gbohùngbohùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí mi: "Ẹ rí i? Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Ìdílé kan ni gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ìyá mi rẹwà. Mo kórìíra obìnrin yẹn títí di òní, kò sì ṣẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ìlà tó ń lọ sókè-sódò bí ìgbì ṣe ń gbé agbè ṣàdédé fò lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹ́jú. N kò nílò ẹni tí yóò sọ fún mi. Àwọn apẹja ti gé e.

Ilé-iṣẹ́ kó ẹrù. Ìròyìn ìgbì tí a ti rí gbà kí wọ́n tó gé e, wọ́n ní àwọn ló ni ín, wọ́n sì tì mí síta kọ̀ǹpútà wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó ni nǹkan yọjú kíá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n mú iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀, kí n ṣe ti oòrùn. "Oòrùn ò lápẹja." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Kò pẹ́ tó di olùdámọ̀ràn fún ilé-iṣẹ́ náà ní etíkun orílẹ̀-èdè mìíràn. Mo rí àwòrán agbè tí wọ́n gbé síbẹ̀. Ikùn rẹ̀ fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀.

Mo fi yunifásítì sílẹ̀. Mo ń ta bátìrì àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn ní Lapaz nínú Accra báyìí, n kò sì sọ fún ìyá mi fún ìgbà pípẹ́ pé oyè ti bọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n kàn ní, "Ó dáa." Wọ́n ń di ọṣẹ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo yà sílé, mo bá wọn nínú àgbàlá tí wọ́n ń rẹ eérú èèpo kòkó fún ọṣẹ. Ike ńlá aláwọ̀ yẹ́lò kan ni eérú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti là á sí méjì. Wọ́n ti fi ọ̀dà dí ihò tí ẹ̀wọ̀n máa ń gbà kọjá.

"Màmá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ashaiman, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ike ògbólógbòó. Obìnrin tó ń ṣe kenkey ló ra ìdajì kejì, ó fẹ́ máa rẹ àgbàdo sí i. Ó le paa, kò jò."

"Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́?"

Wọ́n gbójú sókè. "Ohun tí mo kúnlẹ̀ fún lójú gbogbo ayé, ṣé n kò ní dá a mọ̀ ni? Wọ́n ní kí olóhun wá. Mo lọ, mo rà á. Èmi ni mo ni ín báyìí."

Wọ́n na ọ̀pá tí wọ́n fi ń ro ọṣẹ sí mi. Mo gbà á, mo ń ro eérú nínú ikùn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣírò, ó sì fẹ̀ tó, ó gbà á dáadáa. Ó dùn mí wọnú egungun. Ibẹ̀ ni ìyàwó apẹja kan bá wa, ó wá ra ọṣẹ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

"Maame, ṣé Dókítà òkun nìyí?"

Ìyá mi kò wojú mi. Inú eérú ni wọ́n ń wò.

"Rárá o," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ni. Ó wá bá mi rẹ eérú."