Àpótí Ìdí Iná

Yàrá tí wọ́n fún mi nílé ìwé wa ní Ìkirè, ibi tí wọ́n ń kó àga kíkán sí ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tí ojú, etí tàbí ọpọlọ wọn ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ̀yin àti àga kíkán yín ńkọ́?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú máa ń bí mi. Inú tètè máa ń bí mi, mi ò sì tọrọ àforíjì fún ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò sí lára àwọn ọmọ yàrá mi. Láti Àpòmù ló ti wá bá wa. Ó gbọ́n, ó sì lẹ́nu. Ìyá rẹ̀, tó ń dín dòdò Ìkirè tà létí títì ní Àpòmù, ló mú un wá. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é, àfi òyì tó máa ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Òyì kẹ̀! Kí ìyá tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti rí àpá iná lápá ọmọ náà. Nígbà tó yá, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó dúró lójijì, ojú rẹ̀ ranjú, ìka rẹ̀ ń já nǹkan tí kò sí lára yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," àfi bí ẹni pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Wárápá ni.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ rẹ̀. "Àìsàn yẹn" là ń wí, nítorí wọ́n ní bí a bá pè é, á jẹ́. Wọ́n tún ní itọ́ ẹnu ẹni tó bá ń ṣe máa ń ran èèyàn. Mo lọ bá ìyá náà nídìí àgbada rẹ̀, mo sì rọra sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé jẹ́jẹ́ kò sí lára mi. Mo ní oògùn tó ń mú un rọlẹ̀ wà ní ọsibítù, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ọmọ náà sún mọ́ iná.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá àwọn oníbàárà ń gbọ́. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ti lọ, alihamudulilai. Bàbá tó bá wa tọ́jú ẹ̀ ní kò ní padà mọ́, tí a ò bá ti ṣe bí ẹni tó ń retí ẹ̀."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé mi. Bó bá gbé ọmọ rẹ̀ jìnnà sí iná, ó ti ń retí àìsàn náà nìyẹn, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pè é padà. Ìyá yìí fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ gan-an, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo bẹ tíṣà tó ń kọ́ wọn ní oúnjẹ sísè pé kí ọmọ náà má dín ohunkóhun, kó máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ẹní. Ó gbà. Síbẹ̀, tí òórùn òróró gbígbóná bá ti ti kíláàsì yẹn wá, mi ò lè jókòó mọ́.

Ọjọ́ tí mò ń bẹ̀rù dé. Orí ẹní náà ló ṣubú sí. Kí n tó débẹ̀, kíláàsì ti tú, àwọn ọmọ ti fọwọ́ bo imú lójú fèrèsé, tíṣà wọn pàápàá ti wà níta. Mo kúnlẹ̀, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ká ìborùn mi sábẹ́ orí rẹ̀, mo ń nu itọ́ ẹnu rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Kò fara pa rárá. Inú mi dùn débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n pe gbogbo ilé ìwé wá wò ó.

Ọ̀kadà ni ìyá rẹ̀ gùn dé. Ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí àwọn orí tó kún ojú fèrèsé.

"Ṣé gbogbo wọn ló rí i?" ló bi mí.

Ọmọ náà kò padà sílé ìwé mọ́. Mo lọ bẹ ìyá rẹ̀ títí, ó kọ̀.

Mi ò fẹ́ràn dòdò, àmọ́ tí ilé ìwé bá ti parí, mo máa ń wọkọ̀ lọ rà á ní Àpòmù. Orí àpótí níwájú àgbada ni ìyá rẹ̀ gbé e jókòó sí, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i, kí wọ́n lè mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Ọmọ náà á kí mi, á máa da dòdò sínú òróró tó ń hó. Mi ò kì í tètè lọ. Ìka rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í já nǹkan tí kò sí lára ìró rẹ̀. Mo fò mọ́ ọn, mo fà á sẹ́yìn, àpótí dojú dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Ìyá rẹ̀ wò mí, ó wo àwọn èrò ọkọ̀ tí wọ́n ń wò wá. Ó gbé àpótí náà nílẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó sì gbé e padà sídìí iná.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí.

Ọmọ náà jókòó.