Obìnrin Tó Bí Ọmọ Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ọdún 1975 ni Salome Àyàndélé fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ fún ọdún méjì láti lọ kàwé sí i. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama kan ní Èrúwà, ó sì ti ń kọ́ wọn fún ọdún méje kí ìjọba tó fún un láyè. Ohun tó fẹ́ lọ kà gan-an ló ṣòro fún un láti ṣàlàyé nílé. Bàbá rẹ̀, Zachariah Ògúntóyè, tí òun náà jẹ́ tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì sí Igbó-Ọrà, ní kó tún un sọ.

"Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni, Bàbá. Dìgírì kejì ni wọ́n máa fún mi bí mo bá ṣe é tán."

"Kí ni kọ̀ǹpútà náà ń ṣe?"

"Ó ń ṣírò. Ohun tí ogún èèyàn máa fi oṣù kan ṣírò, ó lè fi wákàtí kan ṣe é."

Bàbá rò ó díẹ̀. "Ṣé ó wá gbọ́n jù ọ́ lọ ni?"

"Ó yára jù mí lọ ni. Kò gbọ́n rárá. Ohun tí èèyàn bá sọ fún un nìkan ló mọ̀."

"Á jẹ́ pé kí o ṣọ́ ohun tí o máa sọ fún un nìyẹn," Bàbá wí, ó sì gbàdúrà fún un.

Ọkọ Salome, Gbénró, wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èrúwà. Òun àti Kíkẹ́lọmọ, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ni yóò máa wà nílé; Salome yóò máa gbé Ìbàdàn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, yóò sì máa wọ bọ́ọ̀sì Èrúwà padà wálé. Àdéhùn wọn nìyẹn, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́.

Àwọn méje ló wà ní kíláàsì náà ní yunifásítì. Salome nìkan lobìnrin, òun ló sì dàgbà jù. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, òun tó ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní máàkì láti ọdún méje wá, méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà. Ó ká ìwé náà, ó fi sí ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, kò fi han ẹnikẹ́ni.

Inú yàrá kan tó tutù bí omi àmù ni kọ̀ǹpútà náà wà, wọn kì í sì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọbẹ̀. Orí káàdì pélébé ni wọ́n ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ bá a sọ sí. Ẹ̀rọ kan ló ń lu ihò sí káàdì náà, bí àwọn ihò bá sì ṣe wà ló ń sọ lẹ́tà tí wọ́n dúró fún. Èèyàn á to káàdì rẹ̀ léra, á fi rọ́bà dè é, á fà á lé àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ lójú fèrèsé yàrá yẹn láàárọ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rí èsì. Bí kọ́mà kan péré bá sọnù, gbogbo rẹ̀ á padà wá pẹ̀lú ìwé gbọọrọ tó kún fún ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ìgbà tí Salome gba àṣìṣe lójú fèrèsé kò lóǹkà. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìparí ọdún, iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ dáadáa, àwọn tó kéré sí i sì ti ń mú káàdì tiwọn wá bá a pé kó báwọn wò ó.

Ọdún kejì ni iṣẹ́ àṣekágbá. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ni Dókítà Ọláníyì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Salome sọ fún un pé ìlú òun kún fún ìbejì, pé ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan wà ní Igbó-Ọrà tí ìjọ kan dá sílẹ̀, tí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ sí ṣì wà ní pípé fún ọdún mẹ́wàá. Ó fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bó ṣe máa kó àwọn ọmọ ìyá kan náà jọ láti inú ìwé wọ̀nyẹn, kó lè sọ iye obìnrin tó bí ìbejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Dókítà Ọláníyì ní iṣẹ́ gidi ni.

Oṣù mẹ́rin ni Salome fi da àwọn orúkọ náà kọ. Ọmọ tí wọ́n bí lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì tirẹ̀: ọjọ́ tí a bí i, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tó tò wọ́n tán, àpótí mẹ́ta ló kún.

Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 1977, ó gba èsì lójú fèrèsé, kò sì sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti kà á ní ìrọ̀rùn. Kọ̀ǹpútà ti to àwọn ìyá náà láti orí ẹni tó bímọ jù. Lókè pátápátá, láìsí àmì ohùn kankan, nítorí ẹ̀rọ náà kò mọ àmì ohùn, ni ó tẹ̀ ẹ́ sí: IYA IBEJI, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Salome wo ìsàlẹ̀ orúkọ náà. Nínú oṣù Kẹta ọdún 1970 nìkan, obìnrin yìí ti bímọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ orúkọ yẹn níye ìgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti ń da orúkọ kọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú kì í rí èèyàn mọ́, lẹ́tà nìkan ló ń rí. Ó ká ìwé náà, ó gbé e lọ bá Dókítà Ọláníyì.

Dókítà kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Mísìsì Àyàndélé, ta ni obìnrin yìí?"

"Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, sà. Gbogbo ẹni tó bá bí ìbejì là ń pè bẹ́ẹ̀."

"Èmi mọ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun wá dán yín wò kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kọ̀ǹpútà náà kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá. Bí a kò bá lè dá ìyá kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, kí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ fún wa?"

"Bí mo bá yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ ńkọ́, sà?"

Dókítà wò ó. "Orí ìbejì lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ wá fẹ́ yọ ìyá ìbejì kúrò?" Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí i."

Ọjọ́ Ẹtì yẹn, láti Ìbàdàn títí dé Èrúwà, ọjọ́ tó kù ni Salome ń kà nínú bọ́ọ̀sì. Àyè tí ìjọba fún un, oṣù Kẹsàn-án ló ń parí, wọn kò sì ní fi ọjọ́ kan kún un. Bó bá kùnà níwájú olùdánwò yìí, ó kùnà náà nìyẹn. Nígbà tó délé, Gbénró àti Kíkẹ́lọmọ ń yin àgbàdo sínú agbọ̀n. Ó jókòó tì wọ́n, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Bóyá kí n kúkú padà sí kíláàsì mi, Bàbá Kíkẹ́," ó wí. "Mo ti gbìyànjú."

Gbénró yin àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Ta ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ náà?"

"Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ ni."

"Èwo nínú wọn ló ṣì wà láyé?"

Fún odidi oṣù mẹ́rin tí Salome fi jókòó ti ìwé ilé ìgbẹ̀bí, kò sọ sí i lọ́kàn pé èèyàn ló gbé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sáyé.

Lọ́jọ́ kejì ó ti wà ní Igbó-Ọrà, lọ́dọ̀ Màmá Abíọ́nà, tó ṣe agbẹ̀bí nílé ìgbẹ̀bí náà fún ọdún méjìlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Salome kúnlẹ̀ kí i.

"Ọmọ Tíṣà Ògúntóyè nìyí," Màmá wí. "Ìwọ ni wọ́n ní o lọ ń kọ́ ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ṣé o ti kọ́ ọ tán?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá. Ẹ̀yin ni mo wá bá kí n lè parí ẹ̀." Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, 1970. Ọkùnrin méjì. Ìyá Ìbejì."

"Ìyá Ìbejì wo?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn, Màmá."

Màmá Abíọ́nà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo ẹ̀gúsí rẹ̀ sílẹ̀. "Akọ̀wé wa ìgbà yẹn ló fà á. Kì í ṣe ọmọ ìhín, kò mọ ẹnì kankan. Bí mo bá ti yọjú síta pé ìbejì ni, gbogbo ará ilé obìnrin náà á ti máa kí i ní Ìyá Ìbejì, òun náà á sì kọ ohun tó gbọ́. Ó tó ọdún mẹ́ta tó fi wà níbẹ̀. Ọkùnrin méjì lo wí? Nínú oṣù Kẹta?" Ó di ojú. "Ẹsẹ̀ ni èyí tó kẹ́yìn mú jáde. Agboolé Ògúnrìndé ni. Ìyàwó Sàlámì, èyí tó pupa. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni Salome fi jókòó tì í. Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ọjọ́ ìbí, ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe wá sáyé kò ṣókùnkùn sí i: èyí tó jáde kí ìyá rẹ̀ tó wọlé tán, èyí tí kò ké àfi ìgbà tí wọ́n bu omi tútù sí i lára, ìyá tó ń kọrin ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn èyí ni á wá dárúkọ agboolé àti ọkọ. Níbi tó bá ti ń ṣiyèméjì, àwọn méjèèjì á jọ dìde lọ sílé náà.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti kó lọ sí Ìdèrè. Adébùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, Salome sì rí i pé ibi mẹ́ta ló wà nínú ìwé: wọ́n kọ ọ́ ní Màmá Búrẹ́mọ̀ níbì kan, wọ́n kọ ọ́ ní Ìyá Ìbejì níbì kejì, orúkọ rẹ̀ gan-an ló wà níbì kẹta. Obìnrin mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà kà á sí. Adébùkọ́lá gbé ìjókòó fún wọn, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè wọn. Ó wá ní Táíwò kò pẹ́ láyé, pé oṣù mẹ́sàn-án ló lò.

Salome gbé kálámù sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. N kò mọ̀."

"Kò burú. Kọ orúkọ àwọn méjèèjì," Adébùkọ́lá wí. "Méjì ni mo bí."

Ó kọ ọ́.

Ìlà mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù tí Màmá Abíọ́nà kò rántí. Ó yẹ̀ wọ́n wò títí. "N kò ní purọ́ fún ọ," ó wí. "Àwọn wọ̀nyí ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́." Salome dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí Ìbàdàn.

Ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa fi nọ́ńbà yẹn dá wọn mọ̀ dípò orúkọ, ó sì lu gbogbo káàdì tó yẹ ní àtúnlù. Nígbà tí èsì jáde, Ìyá Ìbejì kan ṣoṣo ti di obìnrin mẹ́rìnlélógún, àwọn méjì nínú wọn bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìlà mẹ́sàn-án yẹn dá wà ní ìsàlẹ̀, ó kọ "a kò mọ̀" sí wọn. Ọ̀la ni olùdánwò ń bọ̀.

Arúgbó aláwọ̀ funfun kan ni olùdánwò náà, kò yára, kò sì rorò. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé báwo ni Salome ṣe mọ̀ pé ìyá kan náà ni ìyá kan náà. Salome sọ ti obìnrin ọlọ́mọ mọ́kànlélọ́gọ́ta fún un, kò fi apá kan pamọ́. Ó sọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Abíọ́nà, ó sọ ti ìlà mẹ́sàn-án. Ọkùnrin náà bi í ìdí tí kò fi pín mẹ́sàn-án náà fún àwọn ìyá tó bímọ ní àsìkò tó sún mọ́ tiwọn. Salome ní òun kò mọ ẹni tó bí wọn. Ọkùnrin náà mi orí, ó ṣí ìwé síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa bí ètò tó kọ fún kọ̀ǹpútà ṣe ń to káàdì. Ìyẹn kò lè dẹ́rù bà á. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Wọ́n ní kó dúró síta. Ó dúró. Ó ka bíríkì ògiri tó kọjú sí i, ó tún un kà. Ilẹ̀kùn ṣí, Dókítà Ọláníyì sì jáde.

"Ẹ kú oríire, Mísìsì Àyàndélé. Ẹ ti yege. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni olùdánwò ní kí ẹ tún ṣe."

Salome dúpẹ́. Ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan bá a sọ ẹrù tó ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún méjì, tí ọrùn kò tíì gbà pé ẹrù ti kúrò. Dókítà dúró tì í títí ó fi dìde.

Nínú bọ́ọ̀sì Èrúwà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kò tíì kúrò ní Ìbàdàn tán tí oorun fi gbé e. Gbénró, tó ti dúró dè é ní gáréèjì Èrúwà, rí i bó ṣe gbé orí ti fèrèsé tí bọ́ọ̀sì ń gbé e lọ. Ó pè é, kò gbọ́. Láǹlátẹ̀, ìlú tó tẹ̀lé Èrúwà, níbi tí bọ́ọ̀sì náà ń parí sí, ni dẹ́rẹ́bà ti jí i.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ibẹ̀ kò sì jọ ilé. Kò tilẹ̀ dùn ún. Ó ra ẹ̀pà sísè, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí alùpùpù ọkọ rẹ̀ dé.

Gbénró pa iná ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó lójú, kò sì bèèrè nǹkan kan.

"Mo yege," Salome wí.

"Mo ti rí i látìgbà tí mo ti rí bí o ṣe ń sùn."

Ó bu ẹ̀pà fún un. Wọ́n jẹ ẹ́ tán níbẹ̀, wọn kò kánjú, lẹ́yìn náà ló gun ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n sì padà lọ bá ọmọ wọn.